Ìwé Ìlú Kì í Ṣe Ẹrù Ẹnì Kan

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn ìjòyè àti ọmọ ẹgbẹ́ níbi ìpàdé wa ní Atakpamé. A tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín nítorí àwọn tí kò ráyè wá.

  Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ lójú àgbà, àyè ló ń kọ́kọ́ tọrọ. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ yín.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìdí tí ìjọba fi ń fi ìwé pamọ́ fún ọmọ ìlú, àti bí ìwé ìjọba ṣe ń sọnù. Ó ní nítorí pé mo pẹ́ nínú buró ìjọba kí n tó gba retraite, n óò mọ bó ṣe ń lọ. Òótọ́ ni, mo mọ díẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò wá tú àṣírí ẹnikẹ́ni fún yín o. Gbólóhùn kan ni mo gbé wá: ìwé tí ìjọba kọ nípa wa, tiwa ni. Bí ó bá sọnù, ẹ̀tọ́ wa ló sọnù. Àwa náà sì ní iṣẹ́ tí a lè ṣe sí i kó má baà sọnù.

Bí ìwé ṣe ń rìn

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ ṣàlàyé bí ìwé ṣe ń rìn, torí ọ̀pọ̀ wa máa ń rò pé tí a bá ti fi lẹ́tà sílẹ̀ lórí tábìlì ọ̀gá, ó tán.

Lẹ́tà kan dé sí préfecture lónìí. Akọ̀wé á kọ ọjọ́ tó dé, nọ́ńbà rẹ̀, ẹni tó kọ ọ́ àti ohun tó ń béèrè sínú ìwé ńlá tí a ń pè ní registre courrier arrivée. Lẹ́yìn náà ni yóò gbé e wọlé fún ọ̀gá. Ọ̀gá á kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí etí rẹ̀ pé kí lágbájá bójú tó o. Tí wọ́n bá dá a lóhùn, èsì náà ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú ìwé ńlá kejì, courrier départ, ẹ̀dà èsì náà kan á sì kù nílé. Ṣé ẹ rí i? Ìwé kan ṣoṣo ń fi ipa ẹsẹ̀ sílẹ̀ níbi mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹni tó bá ní nọ́ńbà lẹ́tà rẹ̀ lọ́wọ́ ti di okùn rẹ̀ mú. Ẹni tí kò bá ní i, ẹ̀bẹ̀ ni yóò máa bẹ̀ káàkiri.

Ẹ rántí ọ̀rọ̀ yìí, n óò padà sí i.

Ọ̀nà mẹ́rin tí ìwé fi ń kú

Ọ̀nà kìíní: ìwé tí wọn kò kọ rárá. Ọ̀gá pe ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lórí fóònù, ó ní kó lọ ṣe báyìí báyìí. Kò sí lẹ́tà, kò sí nọ́ńbà. Bí ọ̀rọ̀ bá dàrú lọ́la, ọ̀gá á ní òun kò rán an. Ọmọ iṣẹ́ ló máa forí fá a, ìlú ló sì máa jìyà rẹ̀.

Ọ̀nà kejì: òǹtẹ̀ pupa tó ń sọ pé confidentiel. Òǹtẹ̀ yẹn ní ìdí tí wọ́n fi ṣe é, n óò sọ ọ́ tó bá yá. Ṣùgbọ́n ó rọrùn láti tẹ̀, ó sì ṣòro láti yọ. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ á kúrò ní ipò, á tiẹ̀ kú pàápàá, òǹtẹ̀ náà á ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó gbapò rẹ̀ kò ní mọ ohun tí wọ́n ń bò, síbẹ̀ á máa bá wọn bò ó lọ.

Ọ̀nà kẹta: kí ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ ba ìwé jẹ́. Wọ́n lè sun ún, wọ́n lè ya á, wọ́n sì lè gbé e lọ sílé. Gbígbé lọ sílé yìí wọ́pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Wọ́n gbé ọ̀gá lọ sí ìlú mìíràn, ó kó àwọn dossier tó ṣe pàtàkì sínú mọ́tò bí ẹni pé bàbá rẹ̀ ló fi jogún. Ẹni tuntun dé, ó bá armoire, kò bá ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ọ̀nà kẹrin: àìbìkítà. Òrùlé ń jò, ikán ń jẹun, eku ń bímọ sínú registre. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní kí wọ́n tún iyàrá náà ṣe, wọ́n kó gbogbo ìwé síta. Èmi fúnra mi ti ra ẹ̀pà lọ́wọ́ obìnrin kan lẹ́bàá títì rí. Nígbà tí mo tú ìwé tó fi dì í, orúkọ ọmọ, orúkọ ìyá, orúkọ bàbá àti ọjọ́ ìbí ni mo rí lórí rẹ̀, pẹ̀lú òǹtẹ̀ buró kan tí n kò ní dárúkọ. Obìnrin yẹn kò jẹ̀bi. Ó ra ìwé, ó fi dì ẹ̀pà. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ni ìwé yẹn, lọ́jọ́ tó bá fẹ́ ṣe ìdánwò BEPC tàbí tó bá fẹ́ gba carte d'identité, wọ́n á ní orúkọ rẹ̀ kò sí nínú souche. Bàbá rẹ̀ á wá máa ná owó, á máa lọ á máa bọ̀ nílé ẹjọ́ láti gba jugement supplétif, kó lè fi hàn pé wọ́n bí ọmọ tí gbogbo àdúgbò jẹ ìkómọ rẹ̀.

Lójú tèmi, ọ̀nà kẹrin yìí ló ń pa ìwé jù lọ. Ó sì burú ní ti pé kì í ní ẹlẹ́bi. Ẹni tí kò fẹ́ kí a rí ìwé kan kò tiẹ̀ nílò ìṣáná mọ́. Kó ṣáà má tún òrùlé ṣe, òjò á bá a ṣe ìyókù.

Ìjọba tó ń lọ àti ohun tó ń fi sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ yìí kò bẹ̀rẹ̀ lónìí, kò sì bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ àwa aláwọ̀ dúdú. Ẹ̀yin ará Kamina ni mo kọ́kọ́ fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Lọ́dọ̀ yín níbẹ̀ ni ilé iṣẹ́ Telefunken ti ilẹ̀ Jámánì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé ẹ̀rọ TSF ní 1911, ẹ̀rọ tó ń fi ìròyìn ránṣẹ́ lójú òfurufú láì lo okùn. Láti Kamina, wọ́n lè bá Nauen tó wà nítòsí Berlin sọ̀rọ̀, ọ̀nà tó jìn tó 5,000 kìlómítà. Ogun dé ní oṣù kẹjọ 1914. Bí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé ṣe ń sún mọ́ Atakpamé, àwọn ará Jámánì fúnra wọn ló wó òpó wọn lulẹ̀, tí wọ́n sì fọ́ ẹ̀rọ wọn, ní òru 24 mọ́jú 25 oṣù náà. Ní 26, wọ́n túúbá. Ohun tí wọ́n fi bí ọdún mẹ́ta kọ́, òru ọjọ́ kan ló tán. Ogun ni, a lè ní ó yé wa. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìwà náà dáadáa: ẹni tó ń lọ kò fẹ́ kí ẹni tó ń bọ̀ rí ohun tó fi sílẹ̀ lò.

Ìwé wọn ńkọ́? Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ṣẹ́kù. Ó wà ní Archives nationales ní Lomé, Fonds allemand ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ti ya ẹ̀dà rẹ̀ sórí fíìmù tó wà ní Jámánì. Àwọn ará Jámánì máa ń fi Togo yangàn nígbà náà pé òun ni àwòkọ́ṣe láàárín gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n gbà, Musterkolonie. Òpìtàn ará Jámánì kan, Peter Sebald, lọ jókòó ti ìwé ìjọba wọn yìí, ó sì kọ ìtàn Togo láti 1884 sí 1914 láti inú rẹ̀. Owó orí, iṣẹ́ àfipáṣe, pàṣán, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara wọn. Ká ní wọ́n sun ìwé yẹn bí wọ́n ṣe fọ́ ẹ̀rọ Kamina ni, àwòkọ́ṣe ni à bá máa pè é títí dòní.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí òmìnira ń bọ̀ káàkiri ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso, Iain Macleod, mínísítà wọn fún àwọn ilẹ̀ náà, pàṣẹ ní 1961 pé kí wọ́n má ṣe fi ìwé tó lè dójú ti ìjọba Ọbabìnrin sílẹ̀ fún àwọn ìjọba tuntun, tàbí èyí tó lè tú àṣírí àwọn tó ń ta wọ́n lólobó. Operation Legacy ni a wá mọ iṣẹ́ náà sí. Wọ́n tiẹ̀ kọ bí wọn óò ṣe ṣe é: ìwé tí wọ́n bá sun, kí wọ́n sun ún di eérú, kí wọ́n sì fọ́ eérú náà túútúú. Èyí tí wọ́n bá fẹ́ jù sómi, kí wọ́n dì í sínú àpótí tó wúwo, kí wọ́n gbé e lọ síbi tí òkun ti jìn, tó sì jìnnà sí èbúté. Èyí tí wọn kò bàjẹ́, wọ́n kó o lọ sí ìlú wọn, wọ́n fi pamọ́ síbì kan tí wọ́n ń pè ní Hanslope Park.

Ta ló wá tú u síta? Àwọn arúgbó Kenya ni. Àwọn tí wọ́n lù, tí wọ́n dá lóró nínú àgọ́ nígbà ogun Mau Mau pe ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lẹ́jọ́ ní London ní 2009. Ní 2011, ìjọba náà jẹ́wọ́ pé ìwé bíi 8,800 láti ilẹ̀ 37 wà lọ́wọ́ àwọn. Ní oṣù kẹfà 2013, wọ́n gbà láti san 19.9 mílíọ̀nù pọ́n-ùn lórí ọ̀rọ̀ àwọn ará Kenya 5,228. Àpá ara àwọn arúgbó yẹn ti ń sọ̀rọ̀ láti ọdún gbọ́nhan, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ọjọ́ tí ìwé jáde ni wọ́n tó gbà wọ́n gbọ́.

Kí àwa tó kọ́ ìwé Faransé má sì fi Gẹ̀ẹ́sì rẹ́rìn-ín. Ní Thiaroye, lẹ́bàá Dakar, ní 1 oṣù kejìlá 1944, àwọn ọmọ ogun tí wọ́n kó láti ilẹ̀ wa ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, tí àwọn ará Jámánì ti mú lẹ́rú, béèrè owó iṣẹ́ wọn. Ọmọ ogun Faransé tí wọ́n jọ wọ aṣọ kan náà yìnbọn fún wọn. Ìwé ìjọba ní òkú 35. Àwọn ìdílé àti àwọn òpìtàn kò gbà. Níbo ni wọ́n sin wọ́n sí? Níbo ni ìwé tí a kọ orúkọ wọn sí wà? Ní 2014, François Hollande kó ẹ̀dà ìwé kan wá fún Senegal. Ní oṣù kọkànlá 2024, Emmanuel Macron kọ lẹ́tà sí Ààrẹ Bassirou Diomaye Faye, ó pè é ní ìpakúpa. Ọgọ́rin ọdún kí ọ̀rọ̀ kan tó lè jáde lẹ́nu! Ọmọ tí ó ń dúró de bàbá rẹ̀ nígbà náà, bó bá ṣì wà láyé, ó ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́.

Ìwé tó bọ́ lọ́wọ́ iná

Ẹ jẹ́ n wá sọ apá kejì, kí ẹ má baà rò pé iná ló máa ń borí.

Hissène Habré ṣàkóso Tchad láti 1982 sí 1990. Nígbà tó sá lọ, àwọn ọlọ́pàá inú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní DDS fi ìwé wọn sílẹ̀. Ní 2001, àwọn òṣìṣẹ́ Human Rights Watch wọ ilé tí DDS ti lò ní N'Djamena, wọ́n bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé nílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú eruku. Wọ́n kà á, wọ́n tò ó. Orúkọ ènìyàn 12,321 tí wọ́n fìyà jẹ ló wà níbẹ̀, 1,208 lára wọn ló kú sí àtìmọ́lé. Ìwé yẹn wà lára ẹ̀rí tí wọ́n kó lọ síwájú adájọ́ ní Dakar, níbi tí wọ́n ti dá ẹ̀wọ̀n gbére fún Habré ní 30 oṣù karùn-ún 2016. Àwọn tó kọ orúkọ wọ̀nyẹn rò pé ti ìjọba ni àwọn ń kọ. Wọn kò mọ̀ pé àwọn ń kọ ẹjọ́ ọ̀gá àwọn sílẹ̀.

Togo náà ní tirẹ̀. Lẹ́yìn ogun kejì, ONU ló fi ilẹ̀ wa sí ìkáwọ́ Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí èyí, àwọn bàbá wa lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ pétísọ̀n lọ sí New York. Sylvanus Olympio sọ̀rọ̀ níwájú wọn níbẹ̀ ní 1947. Pétísọ̀n tó bá débẹ̀ máa ń gba nọ́ńbà, wọ́n á sì pín ẹ̀dà rẹ̀ fún àwọn orílẹ̀-èdè tó jókòó. Gómìnà tó wà ní Lomé lè bínú sí ẹni tó kọ ọ́, ṣùgbọ́n kò lè sun ún mọ́. Ẹ̀dà rẹ̀ ti pọ̀ ju ohun tí ọwọ́ ẹnì kan lè ká lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá wo Nangbéto, nítòsí wa níhìn-ín. Wọ́n parí ìdò iná mànàmáná orí odò Mono ní 1987, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló sì kó kúrò nílẹ̀ bàbá wọn nítorí omi. Banque mondiale tó wà lára àwọn tó yá wọn lówó ti tẹ ìròyìn jáde lórí ìkólọ náà, láti 2010 sì ni òfin ilé iṣẹ́ wọn ti ní kí wọ́n ṣí ìwé sílẹ̀ fún ará ìta. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ lè wá a lórí fóònù yín. Ṣùgbọ́n ọmọ ọmọ tó bá fẹ́ rí ìwé tí wọ́n kọ orúkọ bàbá bàbá rẹ̀ sí, iye oko tí wọ́n wọ̀n fún un, iye owó tí wọ́n kà sí i lọ́wọ́, ọ̀dọ̀ ta ni yóò lọ níhìn-ín? Ṣé ó dáa kí ọ̀rọ̀ wa rọrùn láti kà ní Washington ju ní Atakpamé lọ?

Iye mẹ́ta fún òkú kan náà

Mo dé ibi tó le. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí láyè.

Ààrẹ Eyadéma kú ní 5 oṣù kejì 2005. Wọ́n dìbò ní 24 oṣù kẹrin ọdún náà. Ohun tó tẹ̀lé e ní Atakpamé yìí, ọ̀pọ̀ yín ló ṣojú rẹ̀. Mi ò ní máa ròyìn rẹ̀ fún ẹni tó rí i. Iye nìkan ni mo fẹ́ kí a jọ wò. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba yàn, tí Joseph Kokou Koffigoh ṣe olórí rẹ̀, ní òkú 154 ní gbogbo Togo. Àwọn tí ONU rán wá ní láàárín 400 sí 500. Ligue togolaise des droits de l'homme ní 790.

Láàárín 154 àti 790, ènìyàn 636 ló wà níbẹ̀. Mi ò wá dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi níhìn-ín, mi ò sì wá sọ fún yín ẹni tí ìṣirò rẹ̀ tọ̀nà. Mo kàn ń sọ pé ìyá ló bí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú 636 yẹn. Àbí wọ́n wà láàyè, àbí wọ́n ti kú, kò sí ibi kẹta. Ọ̀nà láti mọ̀ ọ́n sì wà, kò nílò babaláwo: registre ilé ìwòsàn, registre ilé òkú, ìwé ikú nínú état civil, ìwé tí gendarmerie ń kọ lójoojúmọ́. Ibi tí ìwé wọ̀nyí bá pé, tí ó sì ṣí sílẹ̀ fún ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i, iye òkú kì í di mẹ́ta.

Ní 2009, ìjọba gbé Commission Vérité, Justice et Réconciliation kalẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù wa níhìn-ín nígbà náà, Mgr Nicodème Barrigah, ló darí rẹ̀. Wọ́n wo ohun tó ṣẹlẹ̀ láti 1958 títí dé 2005. Ó lé ní 20,000 ènìyàn tó wá sọ tẹnu wọn, wọ́n sì gbé ìròyìn jíṣẹ́ ní oṣù kẹrin 2012. Ẹ ronú sí i: ó lé ní 20,000 ẹ̀rí, ẹni tó sọkún sọ ọ́ wà níbẹ̀, ẹni tí kò sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀ rí wà níbẹ̀. Ìyẹn nìkan ti di ilé ìwé ńlá kan fún orílẹ̀-èdè. Ó yẹ ká béèrè bí wọ́n ṣe tọ́jú rẹ̀, ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, àti ìgbà tí àwọn ọmọ wa yóò lè kà á. Àwọn tó jẹ́rìí ń darúgbó. Bí wọ́n bá lọ tán, ìwé yẹn nìkan ni ẹnu wọn.

Awo yàtọ̀ sí ohun ìtìjú

Mo mọ̀ pé àwọn àgbà kan ń wò mí báyìí, wọ́n ń sọ nínú ara wọn pé: ṣé gbogbo nǹkan ló yẹ kí a máa sọ síta ni? Rárá o. Ọmọ Yorùbá ni wá, a mọ̀ pé awo wà. Kò sí ààfin tí kò ní iyàrá tí àlejò kì í wọ̀. Ìjọba náà ní tirẹ̀. Ibi tí ọmọ ogun wà lálẹ́ òní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjà. Àrùn tí dókítà rí lára ẹnì kan kì í ṣe ti aládùúgbò. Orúkọ obìnrin tó lọ jẹ́rìí níwájú Commission pé wọ́n fipá bá òun lò, ẹni tó bá tú u síta ti hùwà ìkà.

Ṣùgbọ́n awo ní òfin tirẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ju ẹnì kan lọ, wọ́n ń jíhìn fún ara wọn, ìgbà tí a ń ṣí i sì wà. Awo ń dáàbò bo ìlú. Ohun tí à ń bò kí ojú má baà ti ọ̀gá, tàbí kí a má baà mọ ibi tí owó gbà, orúkọ mìíràn ló ń jẹ́. A kò gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n fi aṣọ awo bo olè.

Òfin Togo fúnra rẹ̀ ti la ààlà náà. Loi n° 2016-006 ti 30 oṣù kẹta 2016 fún ọmọ ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìròyìn àti ìwé lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ ìjọba, ó sì yọ àwọn nǹkan kan sílẹ̀ bí ààbò orílẹ̀-èdè àti ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ẹni. Charte africaine tí Togo tọwọ́ bọ̀ sọ ọ́ ní article 9 pé olúkúlùkù lẹ́tọ̀ọ́ láti gbọ́ ìròyìn. Ìwé àṣẹ wà nílẹ̀. Mélòó nínú wa tó jókòó síbí ló ti kọ lẹ́tà kan ṣoṣo rí láti fi lo òfin yìí? Ẹ má dá mi lóhùn, ẹ dá ara yín lóhùn.

Ilé tiwa ńkọ́?

Ẹ̀yin bàbá mi tó dé filà, ẹ má bínú sí mi. Tí a bá na ìka kan sí ìjọba, ẹ jẹ́ ká wo èyí tó kọjú sí wa.

Ilẹ̀ ń di ohun ìjà ní àgbègbè wa. Code foncier et domanial, loi n° 2018-005 ti 14 oṣù kẹfà 2018, ti dé. Lọ́jọ́ iwájú, ẹni tí kò bá ní ìwé, ẹnu rẹ̀ kò ní tólẹ̀. Ìjòyè ń tọwọ́ bọ ìwé ilẹ̀, ó dára. Níbo ni ẹ̀dà rẹ̀ wà? Lọ́pọ̀ ibi, inú àpò ìjòyè ni. Tí bàbá bá wàjà, àwọn ọmọ á pín ẹrù, àpò yẹn á bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀wé, tàbí ẹni tó mọ̀ ọ́n jù. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ìdílé méjì á máa fi àdá lé ara wọn lórí ohun tí ìwé ojú kan ì bá parí.

Owó ẹgbẹ́ ńkọ́? Owó tí àwọn ọmọ wa ń fi ránṣẹ́ láti Lomé, láti Cotonou, láti Faransé, ṣé a ń kọ ọ́ sílẹ̀? Ṣé ẹni tó bá fẹ́ kà á lè kà á? A kò lè máa pariwo pé kí mairie ṣí ìwé rẹ̀, kí tiwa wà lábẹ́ ìrọ̀rí. Ẹni tó bá fẹ́ béèrè ìhìn, kó kọ́kọ́ jíhìn.

Ohun tí mo ní kí a ṣe

Ẹ̀kíní, ká máa kọ lẹ́tà, ká sì máa gba décharge. Ẹ̀dà méjì lẹ ó gbé lọ. Wọ́n á gba ọ̀kan, ẹ ó ní kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀, kí wọ́n kọ ọjọ́ àti nọ́ńbà sórí èkejì, ẹ ó gbé e padà sílé. Òun ni ipa ẹsẹ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀rù ń ba àwọn kan, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́tà kì í ṣe òkò. Lẹ́tà tó fi ọ̀wọ̀ béèrè, tí ẹgbẹ́ tọwọ́ bọ̀, tó dárúkọ òfin, kò bú ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀kejì, ìwé tó bá ṣe pàtàkì, ẹ̀dà mẹ́ta ni kó ní: ọ̀kan nílé, ọ̀kan láàfin, ọ̀kan lọ́dọ̀ ẹgbẹ́. Kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ọmọ wa kan tó wà lókè òkun. Ohun tó wà níbi mẹ́ta, iná kan kò lè jó o tán.

Ẹ̀kẹta, kí ààfin kọ̀ọ̀kan ní registre tirẹ̀, èyí tí wọ́n rán ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀, tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí ojú ewé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí ẹnikẹ́ni má baà ya ọ̀kan kúrò. Ẹjọ́ ilẹ̀, ìpàdé, orúkọ ẹlẹ́rìí, kí gbogbo rẹ̀ wọ inú rẹ̀. Ti ààfin ni, ti ìdílé Kábíyèsí kọ́.

Ẹ̀kẹrin, ká máa ṣọ́ ìgbà tí ipò bá ń yí padà, torí ìgbà yẹn ni ìwé ń rìn lóru. Ní 30 oṣù kẹfà 2019, a dìbò yan àwọn conseiller municipal, ìgbà àkọ́kọ́ láti 1987. Láàárín 1987 sí 2019, àwọn tí ìjọba yàn ló wà lórí àlééfà nígbà pípẹ́. Ìwé àkókò yẹn dà? Ìgbàkígbà tí ẹni tuntun bá ń gba kọ́kọ́rọ́, kí ẹgbẹ́ béèrè fún procès-verbal passation pẹ̀lú orúkọ gbogbo dossier tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́.

Ẹ̀karùn-ún, èyí tí mo fẹ́ kí a fọwọ́ sí kí a tó tú ká lónìí: lẹ́tà méjì. Kí ọ̀kan lọ sí mairie Ogou 1, kó fi ọ̀wọ̀ béèrè iye registre état civil àtijọ́ tó ṣẹ́kù, ipò tí wọ́n wà, àti ohun tó kù kí a ṣe kí òjò má baà dé ibẹ̀. Bó bá jẹ́ páànù ló kù, ẹgbẹ́ lè ra páànù. Kí èkejì lọ sí Lomé, kó béèrè bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀rí tí àwọn ará Atakpamé fún Commission, àti ọ̀nà tí ìdílé tó jẹ́rìí lè gbà rí ọ̀rọ̀ tí bàbá wọn tàbí ìyá wọn sọ. Mo ti kọ àwọn lẹ́tà náà tán, wọ́n wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Ọwọ́ yín ló kù.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ó ti lé ní ogún ọdún báyìí láti 2005. Òtítọ́ ṣì lè bá a, ṣùgbọ́n òtítọ́ náà nílò ẹsẹ̀ tí yóò fi rìn. Ìwé ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ikán jẹ ẹ́.

 Kábíyèsí, mo dá àyè yín padà fún yín.